Àgádágodo Méjì Lẹ́nu Géètì Wa

Mo mọ̀ pé o ò ní gbà mí gbọ́, torí náà mi ò tiẹ̀ ní bẹ̀ ọ́ rárá. Ó ti pẹ́ tí o ti mọ̀ mí. O mọ̀ pé bí ẹnu mi bá ti wọ inú ìtàn, mo máa ń fi iyọ̀ sí i, mo máa ń fi ata sí i, bí mo bá sì rí i pé inú rẹ ń dùn, mo tún lè bu omi kún un kí ó lè kárí. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò bu nǹkan kan sí i. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ náà ni mo ṣe máa sọ ọ́, títí kan àwọn ibi tí ojú ń tì mí, ìyẹn sì pọ̀ níbẹ̀.

Òórùn ni kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní òpópónà wa lápá Agége, níbi tí ilé iṣẹ́ ńláńlá àti ilé àwa èèyàn ti jọ ń fẹ̀yìn ti ara wọn, òórùn méjì ló máa ń jí wa láàárọ̀. Ọ̀kan ni ti bísíkíìtì tí wọ́n ń yan lẹ́yìn ògiri gíga tí ó dí ìparí òpópónà náà, òórùn bọ́tà àti ṣúgà tí ó máa ń mú kí àlejò dúró kí ó máa fa imú. Èkejì ni ti gọ́tà wa, omi dúdú tí kò ṣàn, tí kò sì gbẹ, tí ó kàn jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí ó ti san owó ilé. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí èèyàn bá yí imú sí ọ̀tún, á rò pé wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ; bí ó bá yí i sí òsì, á rántí pé ìjọba ìbílẹ̀ wà, wọn ò kàn tíì dé ni.

Ẹgbẹ́ wa ló pinnu pé àwa ò ní dúró dè wọ́n mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn onílé òpópónà náà ni. Kò sẹ́ni tí wọ́n ń sanwó fún nínú wa, kò sì sẹ́ni tí ó rán wa níṣẹ́. Iwájú ilé Alága la ti máa ń ṣe mítìn. Alága jẹ́ bàbá Ìjẹ̀bú kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, wọ́n sì ń darí wa bí ẹni tí ẹgba ṣì wà lábẹ́ àga wọn. A ó jiyàn lórí gọ́tà, a ó jiyàn lórí ìdọ̀tí tí ọkọ̀ akódọ̀tí kò wá kó, a ó tún jiyàn lórí tírélà tí ó ń páàkì sẹ́nu ọ̀nà wa. Èmi ni akọ̀wé. Kò tíì pẹ́ tí mo kọ́lé síbẹ̀ nígbà náà, ilé náà kò tíì ní ọ̀dà lára, ṣùgbọ́n àyà mi ti gbòòrò ju ti àwọn tí ó ti kọ́lé láti ìgbà tí igbó ṣì wà níbẹ̀. Ayálégbé kì í wá sí mítìn wa. Wọ́n máa ń wá gbálẹ̀, wọ́n máa ń wá kó gọ́tà, ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ sísọ, onílé ló ń sọ ọ́. Kò sẹ́ni tí ó kọ òfin yẹn sílẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé gan-an, mi ò kọ ọ́ sínú ìwé rí. A kàn mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí ni.

Sátidé tí ó bá parí oṣù ni ọjọ́ ìmọ́tótó wa. Bí aago méje bá ti lù, a ó ti géètì òpópónà pa, kò sì sí ẹni tí yóò jáde títí di aago mẹ́wàá. Nígbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ Alága nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà, ọ̀rọ̀ náà kò gún. Àánú wọn ti pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá sọ pé òun ní òkú, wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹni tí ó sọ pé òun ní ìgbéyàwó, wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún un. Kí ó tó di aago mẹ́jọ, ayálégbé àti àwọn obìnrin nìkan ló máa ń kù nídìí gọ́tà. Ni mo bá dìde nínú mítìn lọ́jọ́ kan, mo tún jígí ojú mi ṣe, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká fi àgádágodo méjì sí ṣéènì yẹn. Ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ Akápò. Bí èmi bá ṣàánú, Akápò ò ní ṣàánú."

Ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́ ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Akápò wa jẹ́ Alájì kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó ń ta sìmẹ́ǹtì àti irin ìkọ́lé. Inú àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ dùn pé kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ tiwọn, inú àwa Ìjẹ̀bú náà dùn pé ọ̀kan wà lọ́wọ́ tiwa. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó bi mí pé bí a bá wá fẹ́ ṣílẹ̀kùn lójijì ń kọ́. Mo lọ ra àgádágodo náà fúnra mi, irú èyí tí ó wúwo lọ́wọ́ bí òkúta ọlọ. A tún ní kí wọ́n jó ilẹ̀kùn kékeré inú géètì náà pa, torí ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń yọ́ jáde. Wẹ́dà kan tí ó ń gbé yàrá kan nínú ilé tí ó kángun sí ògiri bísíkíìtì ló bá wa jó o. Òun náà ló ṣe odidi géètì yẹn fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì pa dà sí yàrá rẹ̀.

Sátidé tí mo ń sọ yìí, mo dé ẹnu géètì ní aago méje, mo bá Akápò níbẹ̀ nínú léèsì funfun. Lọ́fíńdà ń ta lára wọn.

"Akọ̀wé," wọ́n ní, "a ní ìpàdé ẹbí ní Àgídìngbì. Ẹ jẹ́ n bọ́ síta ká tó tì í. Kí aago mẹ́wàá tó lù, mo ti dé."

Kí lo rò pé èmi aṣòfin ṣe? Mo gbà. Akápò bọ́ síta, wọ́n na ọwọ́ wọlé láàárín irin, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ti àgádágodo tiwọn, èmi náà ti tèmi láti inú. A ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ iléèwé tí ó fẹ́ sá kíláàsì. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn tí ayálégbé kan, obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú, wá bẹ̀ mí pé bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ yóò fi òun sílẹ̀. Mo na ọwọ́ sí àgádágodo kejì, mo ní, "Màdáámù, òfin ni. Kì í ṣe èmi."

Ọkọ̀ akódọ̀tí kò tíì wá láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Ìdọ̀tí ti ga dé èjìká. Mo ní kí wọ́n kó èyí tí ó gbẹ jọ, kí wọ́n dáná sun ún. Èyí tí ó gbẹ àti èyí tí kò gbẹ ni wọ́n jọ kó, ọ̀rá, bàtà, pámpáàsì ọmọ, gbogbo rẹ̀. Atẹ́gùn ò fẹ́ rárá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èéfín náà kò gòkè. Ó rọra ń rìn nílẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé.

Ìyàwó mi wà níwájú ilé wa, ó fi gèlè di imú, ó ń fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀. Láti kékeré ló ti ní ásímà. Ó pè mí bí mo ṣe ń kọjá pẹ̀lú ìwé àti bírò mi, tí mò ń kọ orúkọ àwọn tí kò jáde.

"Akọ̀wé Àgbà, èéfín yín yìí ti pọ̀ jù o."

Mo dáhùn, mo sì gbé ohùn sókè kí àwọn èèyàn lè gbọ́: "Ìyàwó akọ̀wé ló yẹ kó kọ́kọ́ fi àpẹẹrẹ lélẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín lábẹ́ gèlè. Mo sọ fún ọ pé mo ti wí ohun tí ó pọ̀ láyé mi tí kò yẹ kí n wí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n yan ẹyọ kan kí wọ́n bá mi pa á rẹ́, ìyẹn ni mo máa yàn.

Nígbà tí mo máa fi yípo dé òdìkejì, ó ti jókòó sí etí gọ́tà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún, èjìká rẹ̀ gbé sókè, àyà rẹ̀ ń súfèé. Mo mọ ìfé yẹn; ọdún tí mo ti ń gbọ́ ọ kì í ṣe kékeré. Mo sáré wọlé, mo mú ínhélà rẹ̀ wá, ike kékeré tí ó máa ń fín sẹ́nu. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó mì í létí, ó wò mí. Ó ti tán. Láti Ọjọ́rú ló ti ní kí n bá òun ra òmíràn. Mo ní ọwọ́ mi dí, pé mò ń kọ ìwé ẹgbẹ́.

Mo gbé mọ́tò mi dé ẹnu géètì, a gbé ìyàwó mi sórí àga ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó lè jókòó ṣánṣán, torí kò lè dùbúlẹ̀. Mo ṣí àgádágodo tèmi. Ó ṣí wẹ́rẹ́. Èkejì wà níbẹ̀, ó ń wò mí.

Mo pe Akápò. Fóònù dún títí ó fi dákẹ́. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tún pè wọ́n. Àwọn onílé ti ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù pẹ̀lú ọgbọ́n tirẹ̀. Ọ̀kan mú òòlù wá, ó ń lu àgádágodo náà, iná ń ta, kò tiẹ̀ ha á lára. Ọ̀kan ní ká gbé obìnrin náà gba orí géètì, a gbójú sókè, a rí àwọn irin ṣóńṣó tí àwa fúnra wa ní kí wọ́n to sórí rẹ̀. Ẹnì kan tí ó ń kọjá níta sáré lọ wá ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ó ń gé irin; ó pa dà wá, ó ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ní in wà ní títì. Wẹ́dà wa ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, àwa la sì tì í mọ́lé pé kí ó wá kó gọ́tà. Ẹ̀yìn gbogbo ilé wa, ògiri ni. Ìparí òpópónà, ògiri bísíkíìtì. A ti ṣe é dáadáa. Olè kan ò lè wọlé, a ò sì lè jáde.

Alága gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan," wọ́n ní. Ṣé o gbọ́ mi? Ìyàwó mi ń wá èémí, a sì ń sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ á gbé ọwọ́ sókè. Èmi náà gbé ọwọ́ sókè.

Láàárín ìyẹn ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn wa. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan."

Wẹ́dà ni. Ó ti fọwọ́ kan èjìká onílé kan kí ó lè rí àyè wọlé.

"Tẹ́náńtì, ẹ ní sùúrù," Alága ní. "Àwọn láńlọ́ọ̀dù ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

Mo pe Akápò. Fóònù dún, ó dákẹ́.

"Ọ̀gá Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́ sà, géètì yìí..."

Mo yíjú sí i. Ìbẹ̀rù ló wà nínú mi, ṣùgbọ́n ìbínú ló gbà jáde. "Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀? Ṣé ìwọ lo ní kọ́kọ́rọ́ ni? Pa dà sẹ́yìn, jàre!" Èmi ni mo sọ ọ́. Kì í ṣe Alága, kì í ṣe ẹlòmíràn.

Ó pa dà sẹ́yìn. Ìgbésẹ̀ méjì péré.

Ni mo bá ṣàkíyèsí pé mi ò gbọ́ ìfé àyà ìyàwó mi mọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Èmi mọ̀ pé bí ìfé yẹn bá dákẹ́, kò sí afẹ́fẹ́ tí ó ń wọlé tí yóò fé mọ́. Ètè rẹ̀ ti dà bí ti ẹni tí ó lá aró. Ó di etí ṣòkòtò mi mú, ó ń wò mí, kò lè sọ nǹkan kan, orí rẹ̀ sì ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tí a ti ń kó láti àárọ̀. Mi ò mọ ẹni tí mò ń bẹ̀. Mo kàn ń sọ pé, "Ẹ gbà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí."

Wẹ́dà kò gbé ọwọ́ sókè mọ́. Ó kọjá láàárín gbogbo wa, ó lọ di ilẹ̀kùn apá òsì mú nísàlẹ̀, níbi tí ó ti so mọ́ òpó, ó sì kígbe pé, "Géètì yìí ò nílò kọ́kọ́rọ́! Orí irin méjì péré ló jókòó lé! Ẹ wá gbé e!"

 Lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo èèyàn bẹ́ sí i. Onílé, ayálégbé, obìnrin tí mo dí lọ́nà Ìlúpéjú pàápàá fi èjìká ti irin. "Ó yá! Ó yá! Gbé e!" Irin tí ó ti dípẹtà ké, géètì náà fò kúrò lórí irin kúkúrú méjì tí kò ju àtàńpàkò ọmọ ènìyàn lọ, wọ́n wọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú títì sì là gbayawu. Ibi tí kò yẹ kí géètì ti ṣí ló ti ṣí. Láàárín, ṣéènì ṣì wé mọ́ irin, àgádágodo Akápò ṣì wà ní títì pa, kò sí ohun tí ó ṣe é.

Mi ò lè sọ bí a ṣe dé ilé ìwòsàn ní Ìkẹjà. Ẹlòmíràn ló wa mọ́tò mi. Wọ́n fi ọ́síjìn sí ìyàwó mi nímú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n lé mi síta. Nọ́ọ̀sì kan jáde pẹ̀lú fáìlì, ó ní, "Ilé yín ò jìnnà. Kí ló dá yín dúró?"

Mo ní géètì ni.

"Géètì ibo? Ti ilé iṣẹ́ wo?"

"Tiwa ni," mo ní. "Àwa la tì í."

Ó kọ nǹkan kan sínú fáìlì, kò sì wò mí mọ́.

Ọ̀sán ti pọ́n kí Akápò tó pè. Inú mọ́tò ni wọ́n fi fóònù sí. "Akọ̀wé, ẹ má bínú, mo rí ìpè yín. Ṣé ìmọ́tótó ti parí?" Mo pa fóònù náà. Nígbà tí oòrùn máa fi wọ̀, àyà ìyàwó mi ti ń gbé, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ti sùn. Dókítà ní wọ́n á máa ṣọ́ ọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mò ń ka èémí rẹ̀ bí ẹni tí ó ń ka ọjà tí ẹlòmíràn lè jí.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Alága fi pè. Wọ́n bèèrè àlàáfíà rẹ̀, wọ́n gbàdúrà gígùn, wọ́n sì wá ní ìgbìmọ̀ ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ géètì. Ohun tí ó ń kọ wọ́n lóminú ni pé ayálégbé kan mọ̀ láti ọjọ́ yìí pé géètì wa ṣeé gbé kúrò, kò sì sọ fún wa; gbogbo àdúgbò sì ti rí i báyìí. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà sí wẹ́dà, kí ó wá ṣàlàyé ara rẹ̀, kí ó sì wá jó géètì náà mọ́ òpó tí ẹnikẹ́ni ò ní lè gbé e mọ́.

Mo fẹ́ bú wọn. Mo fẹ́ sọ pé ó gbìyànjú láti sọ ọ́, pé àwa la ní kí ó dákẹ́. O mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Ó ti yé mi, sà." Bí ẹnu mi ṣe gùn tó, gbólóhùn yẹn nìkan ló jáde níbẹ̀. Àtìgbà náà, nígbàkígbà tí ẹnì kan bá ń yin ẹgbẹ́ wa pé a ṣètò, pé a mọ òfin, mo máa ń gbọ́ ohùn ara mi lórí fóònù yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi ní kí n lọ bá òun mú ìró àti sílípáàsì wá. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí mo wọ òpópónà wa. Géètì ṣì fara ti ògiri, òórùn bísíkíìtì ti ń jáde. Mo kọjá ilé mi, mo lọ tààrà sí ilé tí ó kángun sí ògiri, mo kan ilẹ̀kùn yàrá wẹ́dà. Mo ti to ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ mi láti Ìkẹjà, ó sì dùn lẹ́nu mi.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Bí ó ṣe rí mi, ojú rẹ̀ yí pa dà. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí i pé wọ́n ti di ẹrù: ìkòkò wà nínú báàgì, aṣọ àwọn ọmọ wà ní dídì. Kí n tó lanu, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Mo ti gbọ́ ohun tí ìgbìmọ̀ sọ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé mi. Màá jó o pa lónìí yìí. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n dá sí i sà, mo mọ̀."

Ọkùnrin tí ó gba ìyàwó mi là ló ń bẹ̀ mí pé kí n forí ji òun nítorí pé ó gbà á là. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò fọ́n ká. Èmi náà dọ̀bálẹ̀. Níbẹ̀ la wà, onílé àti ayálégbé, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tí orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, òun ń sọ pé, "Ẹ dìde sà," èmi ń sọ pé, "Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ dìde," kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ ṣáájú. Ìyàwó rẹ̀ yọjú pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó dúró, ó wo èyí, ó wo ìyẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ta ló ṣẹ ta?"

"Èmi ni," mo ní látilẹ̀. "Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́."